Owó Ọjọ́ Mẹ́ta Àkọ́kọ́: Ìrànwọ́ Ìjọba fún Ẹni Tó Sá fún Ìyà Inú Ilé

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ìyá ìjọ àti ìyá àdínnì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ àti àgbègbè rẹ̀, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ owó ni a bá wá: iye tó yẹ kó jẹ́, ọjọ́ tó yẹ kó dé, ọ̀nà tó yẹ kó gbà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, àti ohun tó máa ń dá a dúró lójú ọ̀nà. A ò ní í wàásù.

Bí obìnrin bá sá kúrò nílé nítorí lílù, tó bá tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí aráàlú máa ń sọ ni pé ó ṣì nífẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, tàbí pé ìyà ti mọ́ ọn lára. Ẹ bi í léèrè dáadáa, ẹ ó gbọ́ nǹkan míì. Àbúrò tó lọ bá ní Òkè-Àró ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Ọjà tó ń tà wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ilé-ìwé àwọn ọmọ ti jìnnà, owó kẹ̀kẹ́ wọn láàárọ̀ àti lọ́sàn-án ju owó oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, owó ọwọ́ rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá ọkọ pè. Èwo ni ìfẹ́ nínú ìyẹn? Àwọn kan á sì ti máa pè é ní dálémọsú kó tó tú ẹrù rẹ̀ tán.

Ìdí nìyí tí àwọn ìjọba kan fi ya owó pàjáwìrì sọ́tọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe owó ìdásílẹ̀ òwò, kì í sì í ṣe owó ìtanràn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rán an: kí ẹni tó jáde lónìí má padà lọ́la nítorí ebi. Nítorí náà, ohun méjì la fi ń mọ̀ bóyá owó náà wúlò, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó dé. 100,000 náírà tó dé lọ́jọ́ kejì lè gba ẹ̀mí là. 500,000 náírà tó dé lóṣù kẹfà, ilé ọkọ ni yóò ti bá a.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní obìnrin kan gbéra láti abúlé kan létí omi ní Ìlàjẹ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Àkúrẹ́ ló sì ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Ìgbókòdá, mọ́tò á gbé e dé Òrè, òmíràn á gbé e wọ Àkúrẹ́. Awakọ̀ kì í bi èèyàn pé kí ló ń lé e. Owó ló ń béèrè, ọmọ tó bá sì ti jókòó lórí àga gbọ́dọ̀ sanwó. Tó bá dé, ọsibítù ló kàn: káàdì, oògùn, bóyá fọ́tò egungun bí apá bá wú. Bí ìfipábánilòpọ̀ bá wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dé ọsibítù kí wákàtí 72 tó pé, torí pé oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ti ìdènà oyún lè dé wákàtí 120, ṣùgbọ́n bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ẹ rí i pé owó mọ́tò nìkan lè sọ bóyá obìnrin kan yóò ní kòkòrò tàbí kò ní ní in. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ, ọṣẹ, páàdì, wàrà ọmọ ọwọ́, fóònù kékeré kan àti síìmù tuntun. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni owó ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ wà fún. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣeé dá dúró di ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ bá jókòó.

Owó ilé ni òkè tó ga jù. Ní ìlú òyìnbó, oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó ilé, nítorí náà 500 tàbí 1,000 nínú owó wọn lè ṣí ilẹ̀kùn. Lọ́dọ̀ tiwa, owó ọdún kan gbáko ni onílé ń gbà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń béèrè ọdún méjì. Ká ní yàrá kan ní Àkúrẹ́ jẹ́ 150,000 náírà lọ́dún. Ejẹ́ǹtì á gba 15,000, àgírímẹ́ǹtì á gba 15,000, owó káṣọ̀n 20,000. 200,000 ti lọ kí obìnrin náà tó ra ẹní. Ẹni tó bá gbé ètò ilẹ̀ òkèèrè wá síbí láìyí ìṣirò yìí padà, ó kàn ń ra bisikí fún ẹni tí ilé rẹ̀ jó ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe é, ká lè mọ ohun tí a lè mú àti ohun tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, òfin ilẹ̀ Faransé ló fi ọjọ́ ṣáájú ohun gbogbo. Wọ́n ṣe òfin náà ní oṣù kejì ọdún 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ọ́fíìsì tó ń san owó ọmọ fún àwọn ìdílé ló ń san án, nítorí wọ́n ti ní orúkọ àti àkáǹtì ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀ yóò rí owó láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Iye náà bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 240 yúrò, ó sì lè lé ní 1,300 yúrò, bí owó tó ń wọlé fún ẹni náà bá ṣe rí àti iye ọmọ tó ń tọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré, ọ̀fẹ́ ni fún un. Ẹni tó rí jájẹ díẹ̀, wọ́n lè yá a, ṣùgbọ́n tí kóòtù bá dá ọkùnrin náà lẹ́bi, òun ni wọ́n lè ní kó san gbèsè yẹn. Ọlọ́pàá tó ń gba ẹjọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún olùfisùn pé owó yìí wà, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì lè ti àgọ́ ọlọ́pàá gbéra. Ibi tó kù sí ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ rí ìwé kan kí wọ́n tó san: ẹ̀sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí àṣẹ ààbò láti kóòtù, tàbí ìròyìn tó ti dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba, èyí tí kò tíì ju oṣù 12 lọ. Ẹni tó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá kò rọ́nà gbà. Ẹ fi ìyẹn wé tiwa, níbi tí obìnrin lè dé àgọ́ kí wọ́n sọ fún un pé "ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé", ẹ ó mọ ìdí tí a kò fi lè mú apá yẹn.

Ọsirélíà yàn ọ̀nà míì. Wọ́n dán an wò láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, wọ́n sì sọ ọ́ di ètò tí yóò máa wà títí láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Gbogbo rẹ̀ kò ju 5,000 dọ́là tiwọn lọ. Nínú rẹ̀, owó tí wọ́n lè fi lé èèyàn lọ́wọ́ kò ju 1,500 lọ. Èyí tó kù, wọ́n á fi san ohun tó nílò: owó ìdúró fún ilé, bẹ́ẹ̀dì, fìríìjì, owó ilé-ìwé ọmọ. Òṣìṣẹ́ kan á sì máa bá a rìn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Wọn kò fi dandan lé ìwé ọlọ́pàá. Ìwé láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tó. Ọ̀nà yìí bá tiwa mu díẹ̀, pàápàá nípa sísan owó ilé tààrà fún onílé. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní owó kékeré kan tó dá dúró, tó tó owó ìrànwọ́ ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n ń san fún ẹni tó ti wà lórí ìwé ìrànwọ́ ìjọba. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún un láti fi kàn sí wọn lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹni tó sùn sí ọsibítù ọjọ́ mẹ́jọ ńkọ́? Òfin tó ń fi ọjọ́ há ẹni tó farapa mọ́, tí kò fi há òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́, ẹ̀yìn ló kọ sí ọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi 2 mílíọ̀nù pọ́ùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024: 250 pọ́ùn fún ẹni tó dá wà, 500 fún aboyún tàbí ẹni tó kó ọmọ lọ́wọ́, àti títí dé 2,500 lẹ́yìn náà fún ẹni tó fẹ́ gba ilé tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń bójú tó ẹni náà tẹ́lẹ̀ ló ń bá a béèrè nígbà náà, kò sí pé ó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Ítálì ṣètò 400 yúrò lóṣù fún oṣù 12 lọ́dún 2020, wọ́n sì gbé iye náà sókè lọ́dún 2025, ṣùgbọ́n iye kan ni wọ́n pín fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Tí ti ẹkùn rẹ bá ti tán, wọ́n á kọ̀wé sí ọ pé ẹ̀tọ́ rẹ ni, owó ni kò sí. Òfin Sípéènì ti ọdún 2004 ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye tó tó owó àìríṣẹ́ṣe oṣù mẹ́fà, ó sì ń lọ sókè fún aláàbọ̀ ara àti ẹni tó ní ọmọ. Amẹ́ríkà ní àpò kan láti ọdún 1984, owó ìtanràn tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn ló ń wọ inú rẹ̀, kì í ṣe owó orí tí aráàlú ń san fún ìjọba. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, ṣe lèèyàn á kọ́kọ́ náwó, á kó rìsíìtì jọ, á wá dúró de asanpadà. Ta ló ní owó tó fẹ́ kọ́kọ́ ná?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé.

Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, Abuja ló sì wà fún ní tààrà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀. Òǹdó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2021, nígbà Gómìnà Rotimi Akeredolu, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ipá yìí ní ìpínlẹ̀ wa sì wà ní Àkúrẹ́ níbí. Òfin 2015 kò mọ lórí ìkúùkù nìkan. Ó ka kí èèyàn lé ẹnìkejì rẹ̀ jáde nílé sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí ìtanràn tí kò ju 300,000 náírà lọ. Ó ka kí èèyàn fi ìyàwó tàbí ọmọ sílẹ̀ láìbọ́ wọn sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tó lè dé ọdún mẹ́ta, tàbí ìtanràn tó lè dé 500,000. Fífi owó de èèyàn mọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kò sì ní dandan kí wọ́n ti san owó orí ìyàwó. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, ẹni tí wọ́n jọ bímọ, àfẹ́sọ́nà, ẹbí, òfin kó gbogbo wọn pọ̀. Ọkùnrin tí ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ ń lù wà nínú rẹ̀ bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn yọjú.

Nípa owó, ọ̀nà méjì ni òfin yẹn ṣí, ẹ má sì da wọ́n pọ̀. Èkíní ni ti ìjọba: òfin ní ẹni tí wọ́n hùwà ipá sí ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ìṣègùn, ti ọkàn, ti ìgbáyégbádùn àti ti òfin, àti sí ètò tí yóò mú un padà bọ̀ sípò. Ó dára, ṣùgbọ́n kò dá iye, kò dá ọjọ́. Ibi tí ilẹ̀ Faransé fi ju wá lọ nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n láàánú jù wá. Ẹ̀tọ́ tí kò ní iye, ojú àánú òṣìṣẹ́ ló ń wò.

Èkejì ni ti ẹni tó ṣe ẹ̀ṣẹ̀ gan-an. Bí kóòtù bá ń fúnni ní àṣẹ ààbò, ó lè pàṣẹ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn san owó ìtura pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti wo agbára ẹni méjèèjì. Ohun mẹ́rin ló wà fún: owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà, owó ọsibítù títí kan ti eyín, owó ìkẹ́rù àti ilé tuntun, àti ohun èlò inú ilé. Òfin Gúúsù Áfíríkà ti ọdún 1998 ti ní irú rẹ̀ ṣáájú tiwa. Ọ̀pọ̀ lọ́yà kì í béèrè fún un, wọ́n á kàn béèrè pé kí ọkùnrin náà má súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé ẹjọ́, ẹ ní kí wọ́n kà á sí yín létí. Bí owó ìtura pàjáwìrì kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i, pẹ̀lú iye ohun kọ̀ọ̀kan àti rìsíìtì tó bá wà. Adájọ́ kì í fúnni ní ohun tí a kò béèrè.

Kò sì di dandan kí ẹni náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé kóòtù. Ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, olùdámọ̀ràn, títí kan tíṣà, lè bá a béèrè fún àṣẹ ààbò, bí ó bá ti fọwọ́ sí i nínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí ẹni tó dákú sí ọsibítù, ìfọwọ́sí yẹn kò pọn dandan. Àjọ Legal Aid, tó ń bá aláìní rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, tó jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024. Àwọn obìnrin agbẹjọ́rò FIDA náà wà. Ọ̀ràn owó oúnjẹ ọmọ lásán, láìsí lílù, wíwá òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ ló máa ń yá jù. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló yẹ kí ẹ ti rí i.

Kí ni kí ẹni náà mú dání? Ọsibítù ni kó kọ́kọ́ lọ, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀ kí wíwú tó lọ. Kí ó ní kí wọ́n kọ ọjọ́, ibi tí ọgbẹ́ wà, àti ohun tó sọ pé ó fa á. "Ó ṣubú ní báfúrúùmù" tí ó sọ nítorí ojútì ni ọkọ yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù. Lẹ́yìn náà, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì àjọ, ibi tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ sí; ẹ̀sùn kò lówó, bẹ́ẹ̀ ni bébà àti báírò tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí ó bá ń bẹ nínú ewu lọ́wọ́lọ́wọ́, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà, kò sì í jẹ owó fóònù. Ní ti ìwé, kí ó wá NIN rẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ìgbéyàwó bí ó bá wà, àti nọ́ńbà àkáǹtì. Bí ọkọ bá ti jó wọn, kóòtù á bá a ṣe ìwé ìbúra pé wọ́n sọnù. NIN kì í jóná: tí síìmù tó fi forúkọ sílẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, *346# á mú un jáde, *565*0# á sì mú BVN jáde, nǹkan bí 20 náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gé. Nítorí náà, síìmù ju fóònù lọ. Ẹni tó bá ń múra àtijáde, kí ó yọ síìmù, kí ó fi fóònù sílẹ̀ bí àyè kò bá sí.

Ibí yìí ni a fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni owó ti máa ń ṣìnà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀mí ti máa ń lọ.

Owó ìjọba kì í wá lọ́wọ́ mọ́, báǹkì ló ń gbà. Ẹ wá wò ó. Ọ̀pọ̀ obìnrin, ọkọ ló bá wọn ṣí àkáǹtì, nọ́ńbà fóònù ọkọ ló sì wà lórí rẹ̀. Obìnrin náà ti sá dé Ọ̀wọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ oní-POS lẹ́bàá gáréèjì, ó gba 5,000 náírà. Kí oní-POS tó ka owó tán, àlẹ́ẹ̀tì ti dún lápò ọkọ ní Àkúrẹ́: iye, aago, àti orúkọ ibi tí wọ́n ti fa káàdì náà. Ohun tí ìjọba pè ní ìrànwọ́ ti di ohun tó ń júwe ọ̀nà. Bí ó bá sì jẹ́ pé áàpù báǹkì rẹ̀ wà lórí fóònù ọkọ, ọkọ náà lè kó owó ọ̀hún lọ kí ó tó mọ̀ pé ó wọlé.

Nítorí náà, kí wọ́n má ṣe sanwó sínú àkáǹtì àtijọ́. Kí òṣìṣẹ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀: ta ni fóònù tí àlẹ́ẹ̀tì ń lọ sí? Ta ló mọ píìnì káàdì rẹ? Ṣé orúkọ ẹni méjì ló wà lórí àkáǹtì náà? Bí èsì ọ̀kan nínú wọn bá burú, kí wọ́n ṣí àkáǹtì tuntun ní báǹkì míì. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ìdẹkùn kan. Àkáǹtì kékeré ìpele kìíní, èyí tí NIN tàbí BVN àti fọ́tò péré tó fún, ó ní òdiwọ̀n: owó tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju 50,000 náírà lọ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 300,000 lọ. Bí ìjọba bá fi 200,000 ránṣẹ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó á padà sẹ́yìn, akọ̀wé owó á kọ "kò wọlé" sí i, fáìlì á wọ inú dúrọ́ọ̀, obìnrin náà á sì máa rò pé wọ́n ti jẹ ẹ́. Kí wọ́n pín in sí 50,000 mẹ́rin, tàbí kí wọ́n san owó ilé tààrà fún onílé, kí rìsíìtì àti àgírímẹ́ǹtì jẹ́ orúkọ obìnrin náà. Orúkọ àbúrò rẹ̀ kọ́, orúkọ àjọ kọ́. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà lórí ìwé ilé, ó tún ti bọ́ sábẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

BVN kan náà ló so gbogbo àkáǹtì rẹ̀ pọ̀, nítorí náà kí ó yí nọ́ńbà fóònù tó wà lórí BVN padà ní báǹkì. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Kí ó tún yọ ìmeèlì tí ọkọ mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrò, kí ó sì pa lokéṣọ̀n lórí fóònù. Fóònù tí ọkọ rà fún un, kí ó kà á sí ti ọkọ.

Ọ̀rọ̀ gbèsè náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà wa wà nínú ẹgbẹ́ owó ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ tàbí kọpurétíìfù. Ọjọ́ tó bá sá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni owó rẹ̀ já, àwọn onídùúró á lọ sílé ọkọ, ilé ìyá rẹ̀, títí dé ilé-ìwé ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ á jáde wá san án nítorí ìtìjú, ọkọ á sì mọ ibi tó wà. Lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì àjọ sí ẹgbẹ́ ayánilówó pé kí wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta, tí kò sọ ibi tó wà, lè gbà á ju 20,000 náírà lọ. Ẹ bá wa fi ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù. Bákan náà, bí owó àjọ tó ń dá bá wà lọ́wọ́ alájọ, kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tẹ̀ lé e lọ gbà á; owó tirẹ̀ ni, kò yẹ kó máa sùn lébi nígbà tí owó rẹ̀ wà nínú ìwé ẹlòmíràn.

Sí ẹ̀yin tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alágbàkà àti ní ìjọba ìbílẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ kí owó yìí ṣiṣẹ́ ní Òǹdó, ẹ pín in sí mẹ́ta. Owó ọwọ́ tí òṣìṣẹ́ lè san lọ́jọ́ tí ẹni náà yọjú, láìdúró de ìbuwọ́lù Àkúrẹ́, tí yóò tó owó mọ́tò, oúnjẹ àti ọsibítù. Owó báǹkì tí kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Owó ilé tó ń lọ sọ́dọ̀ onílé láàárín oṣù kan. Ìbuwọ́lù ẹni méjì tó fún ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ní kí ẹni mẹ́fà buwọ́ lù ú, ẹnì kan nínú wọn á wà ní ìpàdé ní Abuja. Ẹni tó wá láti Ìkàrẹ́ tàbí Okìtìpupa kò gbọ́dọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù ní Àkúrẹ́. Owó tó fi ń bọ̀ lè jẹ gbogbo owó tí ẹ fẹ́ fún un. Ẹ máa kọ iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tó yọjú àti ìgbà tí owó dé sára fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá máa wò ó lóṣooṣù. Ìròyìn pé "a ti ran ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ́wọ́" kò sọ nǹkan kan.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má pe àwọn oníròyìn. Ẹ má to obìnrin méjìlá sórí ìlà kí wọ́n di sọ̀wédowó ńlá oníkáádì mú, kí fọ́tò wọn bọ́ sórí Facebook lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tí ẹnì kan ń wá láti pa ni ẹ fi hàn ayé. Bí olóṣèlú kan bá ní àfi kí òun ya fọ́tò, kí ó ya òun àti akọ̀wé owó.

Ẹ má fi ẹjọ́ kóòtù de owó náà. Obìnrin míì kò fẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n, kí wọ́n ṣáà má lù ú pa ni tirẹ̀. Ìlàjà tí àwọn ẹbí ń ṣe náà kò gbọ́dọ̀ dá a dúró. Àwọn àgbà tó ní "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ẹ̀ ná", ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò máa bọ́ ọ títí ìpàdé ọjọ́ Àìkú yóò fi parí.

Èyí tó kù ni ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń bi ara wọn ní kọ̀rọ̀: bí ó bá gba owó tán tó padà sílé ọkọ ńkọ́? Ẹ má ní kó dá a padà. Ẹ má kọ "ẹlẹ́tàn" sí fáìlì rẹ̀. Ẹni tó ń jáde kúrò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó jáde pátápátá, kódà Ọsirélíà ń san owó kékeré wọn yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí fáìlì rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ọjọ́ tó bá tún pè, kí ẹni tó gbé fóònù béèrè ibi tó wà, iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti iye owó mọ́tò láti ibẹ̀ dé Àkúrẹ́.